Ọ̀nà Tí Àga Màmá Máa Gbà Wọlé

Ọjọ́ Ajé, 4 Nòfẹ́ńbà 2024

Wọ́n máa dá Màmá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ń jinná. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní kí ó máa dìde, kí ó máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá ní òun á dìde nígbà tó bá wu òun.

Mo ní kí ó wá sọ́dọ̀ wa ní Àjáh. Obìnrin tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń rìn padà ń gbé ní òpópónà kejì sí wa. Màmá gbà. Ìgbà tó béèrè bí ẹnu ọ̀nà ṣe rí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé wa ga, gbogbo ilé ẹ̀sítéètì yìí ló ga, nítorí omi òjò. Àtẹ̀gùn márùn-ún. Láńre ọkọ mi gba fóònù, ó ní, "Kò séwu, Màmá. A máa gbé yín gòkè."

Màmá ní: "Láńre ọmọ mi, òkú ni wọ́n ń gbé wọlé. Èmi ò tíì kú. Bí mi ò bá lè bá ẹnu ọ̀nà wọlé fúnra mi, ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ Dúró."

Dúró ni àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èèyàn dáadáa. Ibùsùn wà níbẹ̀, rédíò wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa mú Màmá dìde. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà tó ṣẹ́ egungun ìbàdí tó wá dùbúlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń kọ́kọ́ lọ. Kì í pẹ́.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Nòfẹ́ńbà

Mo wọn àtẹ̀gùn iwájú ilé kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àpapọ̀, márùndínlọ́gọ́rin. Afárá tó dà gẹ̀rẹ́ la nílò, òfin rẹ̀ kò sì le: bí o bá fẹ́ gòkè ní ìwọ̀n kan, rìn síwájú ní ìwọ̀n méjìlá, kí àgbàlagbà tó wà lórí àga onítáyà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà láìmí hẹlẹ. Ìyẹn jẹ́ mítà mẹ́sàn-án. Iwájú ilé wa kò ju mẹ́fà lọ. Á ní láti ṣẹ́ kọ́nà: mẹ́rin ààbọ̀ lọ, mẹ́rin ààbọ̀ bọ̀, pèpéle láàárín. Mo yà á sórí bébà. Mo tún ilẹ̀ wọ̀n. Mo tún un wọ̀n.

Sìmẹ́ńtì ńkọ́? Kọmití ẹ̀sítéètì kò gba ohunkóhun tó máa dí omi lọ́nà. Pákó? Òjò méjì, ikán kan, ó parí. Irin ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ́sì, iná tó ta lọ́wọ́ jórinjórin kan jó àtíbàbà onímàrìwò tí Alága kọmití, Ọ̀gbẹ́ni Akínọ̀ṣọ́, fi ń gbatẹ́gùn. Wọn ò tíì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tán. Òfin wá jáde: jórinjórin kankan kò gbọ́dọ̀ gba géètì wọlé títí ọdún á fi parí. Ọkọ̀ akẹ́rù náà, rárá.

Ọkọ mi ni akọ̀wé kọmití. Òun ló tẹ òfin náà. Ó fa ìlà pupa sábẹ́ "kankan".

Nínú ìwé yìí, bí ó bá wọ ẹ̀wù kọmití, Akọ̀wé ni màá máa pè é. Bí ó bá bọ́ ọ, Láńre.

Mo bẹ Akọ̀wé. Ó ní òun á gbé e lọ sípàdé. Ìpàdé wo? Ti ọjọ́ kẹta Dìsẹ́ńbà.

Ọjọ́rú, 6 Nòfẹ́ńbà

Bí jórinjórin kò bá lè wọlé, ẹni tó ti wà nínú ilé lè di jórinjórin.

Ọjọ́bọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Tìjání ní Sángótẹ̀dó. Jórinjórin ni, ọmọ Ìkirè. Ní Máàṣì, èmi ni mo yọ ègé irin kúrò lójú rẹ̀ — jígí òòrùn ló fi ń jórin láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́.

"Fún ta, Dókítà?"

Mo ní fún èmi. Ó pe àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì kí wọ́n wá gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní ọdún mẹ́ta gbáko ni òun fi ń kọ́ ọmọṣẹ́. Mo ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo ní. Mo sọ ti Màmá fún un. Ó bojú wolẹ̀. "Wọn ò gbé ìyá tèmi náà wọlé rí," ó ní. "Ẹ yọ irin lójú mi, Dókítà. Ó yá, ẹ wá kí n fi irin sí yín lọ́wọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo ra ẹ̀rọ ìjórin. Kékeré, pupa, ó wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo sọ ọ́ ní Ìyàwó, nítorí ìgbà tí mo gbé e wọlé, Láńre wò ó, ó wò mí, ó ní, "Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́."

Kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Ẹ̀rọ ti Ọ̀gá Tìjání, igi irin ló ń fi ẹnu dì mú. Bó bá jó tán, ó ń ju kùkùté rẹ̀ nù, ó ń mú òmíràn. Ti Ìyàwó, wáyà ló wà nínú rẹ̀, ká lórí róòlù bí òwú ìránṣọ, tó sì ń tú jáde fúnra rẹ̀ bí o bá ti tẹ ọwọ́ rẹ̀. Wáyà náà kì í ṣe irin gbáko. Ó ní ihò nínú bí eegun ẹyẹ, ìyẹ̀fun ló sì kún inú ihò náà. Ìyẹ̀fun yìí ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: bó bá jó, ó di èéfín tó ń bo irin yíyọ́ kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́, lẹ́yìn náà ó di èèpo dúdú lórí ojú ọgbẹ́. O kò nílò sílíńdà gáàsì. Atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ ní ọ̀nà wa yìí kò ní lè gbá ààbò rẹ̀ lọ. Bó bá tutù, o kan èèpo náà pẹ̀lú òòlù, ara tuntun á yọ.

Ọgbẹ́ tó ń fúnra rẹ̀ hu èépá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀gá Tìjání wo wáyà tó ń tú jáde. "Ẹ̀rọ tó ń pọ ìfun," ó ní.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Nòfẹ́ńbà

Mo fi Ìyàwó lu ihò mẹ́rìnlá sára irin. N kò so nǹkankan pọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Nòfẹ́ńbà

Lẹ́yìn iṣẹ́, Sángótẹ̀dó. Irin ń ta pàrà-pàrà káàkiri, ìlà tí mo jó rí bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ogún ọdún ni mo ti ń ran awọ ojú tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Kò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

"Dókítà," Ọ̀gá Tìjání ní, "ẹ̀ ń jórin ni àbí ẹ̀ ń yan gúgúrú?"

Mo ní kí ó fún mi láàyè kí n ronú. Ó ní kí n rọra ronú, irin kò ní í sá lọ. Ó lọ ra gúgúrú gidi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́rú, 13 Nòfẹ́ńbà

Mo rí i!

Mo ṣí ìbòrí Ìyàwó bí mo ṣe máa ń ṣí ìpéǹpéjú. Nínú lọ́hùn-ún, ibi méjì ni okùn ọwọ́ ìjórin lè so mọ́: ibi tó ní àmì ìròpọ̀ àti ibi tó ní àmì ìyọkúrò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti so ó mọ́ ìròpọ̀, nítorí wáyà onígáàsì ni wọ́n ní lọ́kàn. Wáyà oníyẹ̀fun ń fẹ́ ìyọkúrò, kí ooru lè lọ sínú irin dípò kó máa bú gbàù lẹ́nu wáyà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń kán oògùn sójú òsì, ojú ọ̀tún ló ń ṣàìsàn.

Mo yí i padà. Ìró rẹ̀ yí padà. Ó dún ṣììì, bí àkàrà nínú epo.

Ọ̀gá Tìjání kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kan èèpo náà, ó fi àtàǹpàkò pa ìlà abẹ́ rẹ̀. "Èyí so," ó ní. Ọ̀rọ̀ méjì. Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí dókítà ojú mi, inú mi kò dùn tó báyìí.

Ó kọ́ mi ní èyí tó kù: máà tì í síwájú, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, ibi tí èèpo bá wà, fífà ló dára. Kí wáyà yọ ẹnu jáde bí èékánná kan ààbọ̀. Máà dúró, máà sáré.

Ọjọ́bọ̀, 14 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀gá Tìjání kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìmu mílíìkì agolo, torí èéfín. Mo jókòó, mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un: ọ̀nà ọ̀fun yàtọ̀, ọ̀nà èémí yàtọ̀, mílíìkì ń lọ sínú ikùn, èéfín wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn kò ní pàdé láéláé. Mo ya ẹ̀dọ̀fóró sórí irin fún un pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó ń mi orí. Ó béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání méjì.

"Ẹ ti ṣàlàyé tán, Dókítà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ṣeun. Ó yá, ẹ mu mílíìkì yín."

Mo mu ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Nòfẹ́ńbà

Ìtìjú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú mi kún fún iyanrìn. Omi ń dà, mi ò lè la ìpéǹpéjú. Iná ìjórin ló pa mí lójú. Èmi! Iṣẹ́ abẹ ti kọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kan ohun tí n kò rí, nítorí náà lánàá mo ń ṣí agọ̀ tí mo fi bo ojú díẹ̀ kí n tó tẹ wáyà. Díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Láńre fi mọ́tò gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ara mi. Dókítà Bàṣírát, tí mo kọ́ níṣẹ́ fúnra mi, ló yẹ̀ mí wò. Ó fa ìwé pélébé kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ojú Lọ́wọ́ Iná Ìjórin. Èmi ni mo kọ ọ́. Ó kà á sí mi létí, nítorí mi ò lè rí i. Ó ka ìpínrọ̀ kejì lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ti gbọ́ ọ yé, mà?"

Ó ti sún gbogbo iṣẹ́ abẹ mi síwájú títí di Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Nòfẹ́ńbà

Mo dijú kọ èyí. Ọjọ́ méje.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Nòfẹ́ńbà

Ojú ti là. Mo lọ kó àwọn irin. Ọ̀gá Tìjání ti gé wọn sí mítà kan ààbọ̀ kí wọ́n lè wọ bọ́ọ̀tù mọ́tò mi. Ìdí nìyẹn tí ìsopọ̀ fi pọ̀ tó báyìí — mo ka mọ́kànlélógójì. Àwọn tó ń ṣọ́ géètì wò wọ́n. Irin kò sí nínú òfin. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé. Omi wà nítòsí nínú ike mẹ́ta. Aládùúgbò ń jáde wá sórí bákónì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́.

Ẹlòmíràn lọ fẹjọ́ sùn.

Ọjọ́ Ajé, 18 Nòfẹ́ńbà

A ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé dìde, ó fa àpòòwé yọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó padà sídìí ẹ̀bà rẹ̀.

"Sí Olùgbé Ilé Kẹtàdínlógún. Ó ti dé etígbọ̀ọ́ wa pé jórinjórin kan ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yín. Ẹ ṣàlàyé bí ó ṣe gba géètì wọlé."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò bi mí lẹ́nu. Ó ní, "Ìyá Tósìn, kí ni kí n ṣe? Èèyàn mẹ́ta ló mú ẹ̀sùn wá."

Mo kọ èsì níbẹ̀, lórí tábìlì: jórinjórin náà kò gba géètì wọlé. Ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, òun àti ọkọ rẹ̀. Akọ̀wé kà á. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó lọ gbé ìwé òfin wá.

"Òtítọ́ ni," ó ní. "Òfin ní kò gbọ́dọ̀ wọlé. Kò ní kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé." Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Àmọ́ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní ẹ̀sítéètì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́."

Mo rò pé àwàdà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Nòfẹ́ńbà

Kì í ṣe àwàdà.

Iṣẹ́ abẹ mẹ́ta láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Aago méjì, mo ti délé. Ìsopọ̀ mọ́kànlá. Ní aago márùn-ún géérégé, Àyúbà, olórí àwọn tó ń ṣọ́ géètì, dúró níwájú ọgbà, ó ká fìlà mọ́ àyà.

"Dókítà, ẹ má bínú, mà. Aago márùn-ún ti lù. Wẹ́dà gbọ́dọ̀ jáde."

"Àyúbà, èmi ni wẹ́dà náà."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jáde."

Mo tẹ̀lé e. Kí ni mo máa ṣe? Ìdílé ni Àyúbà ń fi iṣẹ́ yìí bọ́. Ní géètì, mo fọwọ́ sí ìwé: Adébùkọ́lá. Iṣẹ́: jórinjórin. Jáde: 5:09. Mo bọ́ sí títì. Géètì tì lẹ́yìn mi. Mo yí padà, mo kanlẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

"Dókítà! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́."

Ó ní obìnrin wẹ́dà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí. Ó ní ó kàn jẹ́ pé ó dọ̀tí ni, ó ń gbìyànjú.

Ọjọ́rú, 20 Nòfẹ́ńbà

Ìsopọ̀ mẹ́sàn-án. Ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé nǹkan wá. Ẹsẹ̀ tábìlì. Ọwọ́ ìkòkò. Ilé ajá. Mo ń lé wọn. Ní aago mẹ́rin kọjá, Alága Akínọ̀ṣọ́ fúnra wọn yọ lẹ́yìn òdòdó, àga irin kan tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wà lábẹ́ apá wọn, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e.

"Dókítà, mi ò wá gẹ́gẹ́ bí Alága o."

Mo ní mo ti rí i bẹ́ẹ̀, sà. Mo jó o fún wọn — inú mi kò le tó láti kọ̀. Mo ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n wo iná. Wọ́n kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó parí, wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n jó ìdí wò. Wọ́n wo aago.

"Márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ tètè palẹ̀ mọ́ o, kí wọ́n má lọ bá yín níbí."

Ọjọ́bọ̀, 21 Nòfẹ́ńbà

Ìsopọ̀ méjì kan jábọ́. Mo gé wọn, mo tún wọn jó. Wọ́n mú mi jáde. Mo padà.

Màmá pè: "Ṣé ọ̀nà ti wà?" Mo ní wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́. Mi ò sọ àwọn wo.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Nòfẹ́ńbà

Mo gba ààyè níbi iṣẹ́. Afárá ti dúró. Ọ̀pá ìdìmú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kù, ìyẹn ló sì le jù: irin náà dúró ṣánṣán, irin yíyọ́ ń ṣàn wálẹ̀ bí omi ojú. Mi ò lè di ọ̀pá mú kí n sì jó o. Láńre dé láti èbúté tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó bọ́ kóòtù. Ó wọ ìbọ̀wọ́ mi kejì. "Níbo ni kí n dì mú?"

Kò yọjú wo iná lẹ́ẹ̀kan. Ó dijú, ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́nu títí a fi parí. Ìlà tí mo jó sórí ọ̀pá náà burú. Ó wú, ó wọ́. Ṣùgbọ́n mo fi òòlù gbá a, ó dún gbọin, kò mì.

Lẹ́yìn náà ó kó àpò ìrẹsì méjì sórí kẹ̀kẹ́ bírikìlà, ó sì tì í gòkè, ó tì í sọ̀kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Irin kò sọ̀rọ̀.

Aago márùn-ún. Àyúbà dé. Ó wo ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ Láńre fún ìgbà pípẹ́.

"Akọ̀wé, sà... ẹ̀yin náà."

Láńre bọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Òun ló kọ òfin náà. A jọ rìn dé géètì. Ó fọwọ́ sí i: Láńre. Iṣẹ́: ọmọṣẹ́ jórinjórin. Jáde: 5:06. A dúró ní títì, ọkọ̀ ń kọjá wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọdún wo la ti jọ rẹ́rìn-ín báyẹn kẹ́yìn, mi ò rántí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Nòfẹ́ńbà

Màmá dé ní aago mẹ́ta. Ó ti ru. Ó gbà kí Láńre gbé e láti inú mọ́tò sórí àga onítáyà, nítorí ìyẹn kì í ṣe ilé. Gbogbo òpópónà jáde. Alága náà wà níbẹ̀.

Màmá wo afárá láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé táyà, ó yí i. Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Mítà mẹ́rin ààbọ̀. Pèpéle. Ó sinmi, ó ṣẹ́ kọ́nà. Mítà mẹ́rin ààbọ̀. Mọ́kànlélógójì ìsopọ̀, ọ̀kan kò ké. Ó dé òkè. Àwọn èèyàn hó yèè.

Àga rẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà, ó há.

Mo ti wọn àtẹ̀gùn. Mo ti wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti wọn gígùn, gíga, ìdàgẹ̀rẹ́, ẹnu wáyà. Mi ò wọn ilẹ̀kùn. Pẹ̀lú irin tí a fi há a nítorí olè, ó ku sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àga Màmá jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo gbé ìwọ̀n, mo wọ̀n ọ́n níwájú gbogbo ayé, bí ẹni pé ó máa yí padà.

Alága ní, "Kò tó nǹkan! Ẹ jẹ́ ká kàn gbé wọn díẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni." Láńre ti ń ká apá aṣọ.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wa dúró.

Ó wo inú ilé. Àga ìjókòó wà níbẹ̀, ó ń rí i. Ó wo ẹ̀yìn, ibi tí mọ́tò wà, tí ọ̀nà ilé Dúró ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń wò ó, mo sì mọ èyí tó ń yàn nínú méjèèjì, mi ò sì lè ṣí ẹnu. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣàlàyé nǹkan fún èèyàn.

"Ẹ yẹra," Màmá ní.

Ó di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ afárá mú. Ọ̀pá náà gba gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ó dìde. Ó pẹ́ kó tó tọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kejì di férémù ilẹ̀kùn mú, ó fẹsẹ̀ kan lé inú ilé. Èkejì. Ó mí. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, mi ò kàn án. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Ó yí padà, ó jókòó sórí àga ìjókòó gbì, bí ẹni tó ti ọjà dé.

Láńre kọjú sí ògiri.

Mo bu omi fún un. Ó mu ún tán. Ó wá ń wo ìta láti ibi tó jókòó sí, ó ń wo ọ̀pá náà, ó fún ojú pọ̀.

"Bùkọ́lá, ta ló jó irin yẹn?"

Mo ní jórinjórin kan ni, mà.

"Ojú ẹ̀ ò dáa," Màmá ní. "Ní kó wá rí ẹ ní ọsibítù."

Mo ní màá sọ fún un.